Ta Ní Ń Bọ́ Ọmọ Èkó? Ìtọ́jú Ọmọdé àti Ẹbí ní Ìlú Àwọn Òṣìṣẹ́, 1896 sí 1967

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn Èkó, ohun tí a óò kọ́kọ́ bá pàdé ni ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti àwọn gómìnà: ìjà Kòsọ́kọ́ àti Akíntóyè, ìwé àdéhùn ọdún 1861 tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí, gómìnà tí ó dé àti gómìnà tí ó lọ, Herbert Macaulay àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Gbogbo èyí dára, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í kọ lẹ́tà sí gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó pọn ọmọ lọ sí ọjà Ẹ̀bútè-Èrò ní òwúrọ̀ kùtù kì í jókòó kọ ìwé ìrántí ayé rẹ̀. Nítorí náà ni ìtàn wọn ṣe ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìbéèrè kan tí ó rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: láti ìgbà tí Èkó ti di ìlú àwọn tí ń gba owó oṣù, ta ni ó ń bọ́ ọmọ ibẹ̀? Àwọn aláṣẹ ní ìdáhùn tiwọn, àwọn olórí òṣìṣẹ́ náà ní tiwọn. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn méjèèjì fo ẹnì kan dá, àti pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti fo ẹni náà nínú ìṣirò, ara ọmọ ni ó ń hàn sí.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó lọ sí òkè. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn. Ní ọdún kan náà ni wọ́n parí afárá Carter tí ó so erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó. Iṣẹ́ rélùwéè ni ó sọ Ẹ̀bútè Mẹ́ta di ibùdó àwọn alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, akọ̀wé, àwọn tí ń wa ọkọ̀ ojú irin àti àwọn tí ń da èédú sí i nínú. Ní àwọn ọdún 1920, èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Apápá tún fi kún un. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ará ibòmíràn ń wọ́ wá láìdúró. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1931, àwọn tí ó wà ní Èkó tó nǹkan bí 126,000. Ní 1950 wọ́n ti di 230,000. Ní 1963 iye náà ti kọjá 665,000. Ẹni tí ó fi oko sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ wá bá ohun kan ní Èkó tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyíinì ni ìparí oṣù. Àgbẹ̀ a máa wo òjò, a máa wo àká. Olówó oṣù kò ní ohun mìíràn tí yóò wò ju ọjọ́ lọ.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a rántí bí a ti ń tọ́ ọmọ nínú agboolé Èkó kí ọ̀rọ̀ owó oṣù tó gbilẹ̀. Ọmọ kì í ṣe ẹrù ẹnì kan ṣoṣo. Baba ni ó ni ilé, òun ni ó sì yẹ kí ó wá owó tí ìyàwó yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Láti inú òwò yẹn ni ìyá ti ń ra aṣọ sí ọmọ lọ́rùn, tí ó ń se ọbẹ̀, tí ó ń wá egbòogi, tí ó sì ń dá èésú. Bí ó bá lọ sí ọjà, ìyá àgbà tàbí ìyálé wà nílé tí yóò fún ọmọ ní ẹ̀kọ mu. N kò sọ pé ibẹ̀ jẹ́ ọ̀run rere. Ìjà orogún kì í ṣe àròsọ, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí òwò ṣe a sì máa mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ni oúnjẹ ọmọ ń gbà wọlé. Nígbà tí owó oṣù dé, ó fi kún àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni. Kò gba ipò wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí oṣù bá ń parí lọ, tí àpò baba ti gbẹ, ìsọ̀ ìyá ni ilé ń fẹ̀yìn tì, tàbí gàárì tí ó rà láwìn lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

Ikú ọmọ wẹ́wẹ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó mú àwọn aláṣẹ wo ọ̀dọ̀ ọmọdé rárá. Ẹ má jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé kò sí irú ikú bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àwọn orúkọ wa ń jẹ́rìí sí i. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́: orúkọ tí a fi ń bẹ ọmọ tí ń lọ tí ń bọ̀ ni wọ́n, ọba Èkó tí mo dárúkọ lókè yìí sì ń rìn kiri pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ní erékùṣù tí àbàtà yí ká, ibà ń pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru ń pa á, gìrì ń gbé e, àrùn ń gba ojú ìdodo wọ ara ọmọ tuntun. Sir William MacGregor, gómìnà láti 1899 sí 1904, jẹ́ dókítà kí ó tó di aláṣẹ. Ó gbẹ́ ipa omi tí a fi orúkọ rẹ̀ pè láti fa àbàtà gbẹ, ó sì ń fi kíníìnì ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn obìnrin tí ó kàwé ní Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1901, Lagos Ladies' League, wọ́n sì ń wọ ilé dé ilé láti fún àwọn ìyá ní oògùn kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbé ìgbà náà yẹ̀ wò yóò rí i pé àṣìṣe ìyá ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ikú ọmọ jù: kò mọ̀, kò gbọ́n, kò wẹ ọwọ́. Wọn kò sábà béèrè pé omi wo ni yóò fi wẹ̀ ẹ́.

Omi gan-an wá di ìjà. Ìjọba pinnu láti fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wá sí Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó rẹ̀. Ní 1908 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ fárígá. Ní 1916 ìjà náà tún dìde. Macaulay àti àwọn tí ó tẹ̀lé e sọ pé àwọn òyìnbó ni omi náà wà fún, àti pé kànga tó fún onílé. Ní tèmi o, ẹnu ni Macaulay fi borí ní ibi tí ó sọ ti kànga. Kànga erékùṣù tí ilé ìgbẹ́ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ omi tí a ó fi po ẹ̀kọ fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n nípa owó, òótọ́ ni ó sọ: wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ohùn kankan nínú bí a óò ti ná an.

Láàárín àwọn dókítà ilẹ̀ wa ni a ti rí àwọn tí ó mọ ilé tí ọmọ ń gbé. Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀nná lọ láti mọ bí ìgbóná ti ń tàn, ohun tí ó rí ni ó sì fa òfin tí ìjọba fi lòdì sí ẹgbẹ́ náà ní 1907. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé. Ìlú Glasgow ní Skọ́tílándì ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì parí rẹ̀ ní 1918. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fò, nítorí ìlú òṣìṣẹ́ pọ́ńbélé ni Glasgow: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, èéfín, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìdílé kan ń há sí yàrá kan nínú rẹ̀. Ní 1915, nígbà tí Olúwọlé jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, tí àwọn ọkùnrin wà lójú ogun, àwọn onílé fi owó kún owó ilé. Àwọn obìnrin Glasgow kọ̀ wọn kò san án, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn agbófinró, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin ní ọdún náà pé kí owó ilé dúró síbi tí ó wà. Bí dókítà ọ̀dọ́ kan bá wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò ní ṣàì rí i pé àìsàn ọmọ àti owó ilé ń gbé pọ̀.

Nígbà tí Olúwọlé gba iṣẹ́ dókítà ìlera ìlú ní Èkó ní 1925, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, kò sì kúrò nílẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí 1930. Olúwọlé kọ́ àwọn wolé-wolé, ó mú kí wọ́n máa yẹ àwọn ọmọ ilé ìwé wò, ó sì tún ọ̀rọ̀ ibi ìpẹran àti èbúté ṣe. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, wolé-wolé. Àwọn ará ìlú ni wọ́n sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀; ẹni tí ó wọlé rẹ láìkàn ilẹ̀kùn, tí ó yẹ inú àmù wò, tí ó rí tanwíji, tí ó sì fà ọ́ lọ sí kóòtù. Owó ìtanràn yẹn, láti inú àpò kan náà tí oúnjẹ ọmọ ti ń wá ni. Síbẹ̀síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọmọ tí ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láyé ní Èkó ní àwọn ọdún 1930 ní ìrètí tí irú rẹ̀ ní 1900 kò ní. Omi ẹ̀rọ, gọ́tà, abẹ́rẹ́ àti àwọn agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó ṣe é. Ní ilé ìwòsàn Massey Street, àwọn ìyá rí ibi tí wọ́n lè gbé ọmọ lọ. Ibẹ̀ ni Dókítà Elizabeth Àbímbọ́lá Awóliyì, tí ó parí ẹ̀kọ́ ní Dublin ní 1938, tí ó sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun náà ni ó sì di olórí ibẹ̀ láti 1960 títí di 1969.

Ogun Hitler ni ó tú gbogbo ìṣirò fó. Ọjà wọ́n, owó oṣù dúró. Láti 1941 ni ìjọba ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí Captain Pullen wá ń ṣe olórí rẹ̀, pé kí gàárì àti àwọn oúnjẹ mìíràn má ṣe kọjá iye tí ìjọba dá. Ojú àánú ni ètò náà fi wọlé: kí òṣìṣẹ́ lè jẹun, kí ọmọ rẹ̀ má sunkún. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba dá kéré sí iye tí àwọn obìnrin fi ń ra gàárì láti oko àti owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e. Kí ni oníṣòwò yóò ṣe? Gàárì sá kúrò lórí àtẹ, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tà á ní gbangba ń lọ sí kóòtù. Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, olórí àwọn obìnrin ọjà ní Èkó, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ọjà Ẹrẹ́kọ, tí kò sì mọ ìwé, dojú kọ àwọn aláṣẹ títí ètò náà fi parí ní 1945. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń pè é ní ajàjàgbara, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí ó ń sọ jinlẹ̀ ju òṣèlú lọ. Ìjọba rò pé ilé méjì ni ilé òṣìṣẹ́ tí ń ra gàárì àti ilé obìnrin tí ń tà á. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ilé kan ni: ọkọ wà ní rélùwéè, aya wà ní ọjà. Ohun tí wọ́n gé kúrò lára èrè aya ni wọ́n pè ní ìrànlọ́wọ́ fún ọkọ.

Ní òru ọjọ́ 21 oṣù Okúdù, ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ti fún wọn ní owó àfikún ní 1942 nítorí ọ̀wọ́n ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kò yéé wọ́n, ìjọba sì kọ̀ láti tún un wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó àfikún náà, kí owó iṣẹ́ ojúmọ́ tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè 2 àti sísì. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó ní 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni. Ọjọ́ 44 ni ọkọ̀ ojú irin fi dúró ní Èkó. Kò sí owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń jẹun. Báwo? Àwọn obìnrin ọjà dá owó fún àwọn tí ó daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dín iye ọjà kù, wọ́n sì ń ta àwìn. Bí kò bá sí ìsọ̀ àwọn ìyá, n kò rí bí ìyanṣẹ́lódì náà ìbá ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fara balẹ̀ kà. Àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ń gba owó àfikún nítorí aya àti ọmọ wọn tí ó wà ní ilẹ̀ wọn. Àwọn olórí òṣìṣẹ́ wa béèrè pé ṣé àwa kò ní aya ni, àwa kò ní ọmọ? Wọ́n ní owó iṣẹ́ ọkùnrin gbọdọ̀ tó bọ́ gbogbo ilé rẹ̀. Àwọn aláṣẹ fèsì pé obìnrin Yorùbá kì í jókòó. Ó ń ṣòwò, ó ń bọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ẹnu kan ni kí a máa ṣírò fún òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies ṣe olórí rẹ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ láre lórí ìdajì tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn nípa ilé kò tán. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Aláṣẹ tí ó ń sọ ní 1945 pé ìsọ̀ obìnrin tó fi bọ́ ọmọ, ìjọba tirẹ̀ náà ni ó fi ọdún mẹ́rin gé èrè ìsọ̀ yẹn kù. Olórí òṣìṣẹ́ tí ó ń sọ pé ọkùnrin nìkan ni ó ń bọ́ ilé rẹ̀, àwìn ìyá ni ó ń jẹ bí ó ti ń sọ ọ́. Àwọn méjèèjì mọ òtítọ́. Ìdí tí ó bá ọ̀rọ̀ wọn mu ni oníkálùkù gé lára rẹ̀.

Ní àkókò yìí kan náà ni ìjọba tún dojú kọ àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà. Òfin nípa àwọn ọmọdé jáde ní 1943. Nígbà tí ó di 1946, wọ́n fi òfin de ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 pé kò gbọdọ̀ kiri ọjà ní ìgboro Èkó. Ọ́fíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú ará ìlú, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Wẹ́fíà, ni ó ń bójú tó o. Ewu tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́: ìgboro kún fún àwọn sójà àti àwọn atukọ̀, àwọn àgbà burúkú sì ń bẹ tí ń fi owó tan ọmọ. Àwọn obìnrin tí ó kàwé pàápàá ti ń béèrè irú ààbò bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọjà ní ìkiri ni ilé ìwé òwò. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí a ti ń ka owó, bí a ti ń dá ènìyàn mọ̀, bí a ti ń ná ọjà. Wọ́n tún mọ ohun tí wọn kò sọ jáde ní kóòtù: ẹ̀kọ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kiri ní òwúrọ̀ ni oúnjẹ àbúrò rẹ̀ ní alẹ́. Ní tèmi, ìgboro kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá, èmi kò sì ní gbèjà rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé òfin gba àtẹ kúrò lórí ọmọ láìfi nǹkan kan sí ipò rẹ̀. Àyè ilé ìwé fún gbogbo ọmọ kò sí ní Èkó ní 1946.

Ìtàn Súrùlérè ni ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn ní kedere jù. Láti ìgbà àrùn eku ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 fún àtúnṣe ìlú, Lagos Executive Development Board, òun ni ó sì la àwọn òpópó Yábàá. Ní 1955, bí òmìnira ti ń súnmọ́, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wa fúnra wọn pinnu pé àárín gbùngbùn Èkó kò yẹ olú ìlú orílẹ̀-èdè tuntun. Wọ́n fa ìlà yí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó o. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ há. Yàrá kan ń gba ènìyàn tí ó pọ̀, gọ́tà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó bá fẹ́ a máa gba ilé lọ́wọ́ ìjọba ní Súrùlérè, ní orí ilẹ̀ ńlá: ilé tí ó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí omi wà nínú ọgbà rẹ̀. Bí a bá ní kí dókítà yan ibi tí ọmọ yóò gbé, Súrùlérè ni yóò yàn.

Onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ohun tí ó rí yà àwọn aláṣẹ lẹ́nu. Ní erékùṣù, ẹnu ọ̀nà ilé gan-an ni obìnrin ń pa àtẹ sí, èrò ọjà sì ń kọjá níwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní Súrùlérè, kò sí èrò; aládùúgbò rẹ̀ náà ń ta ohun tí òun ń tà. Bí ó bá fẹ́ padà sí ọjà rẹ̀ àtijọ́, owó bọ́ọ̀sì ń jẹ èrè. Ìyá àgbà tí ń bá a mú ọmọ ti lọ sí ibòmíràn, nítorí ilé tuntun kò gba ju ọkọ àti aya àti àwọn ọmọ wọn lọ. Báyìí ni gbogbo ẹrù wá dà lé owó oṣù ọkọ, tí ó tún ń san owó ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn arúgbó kò rí ọmọ àti ìbátan tí ń yà kí wọn, tí ń fi kọ́bọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ọkọ mìíràn rán aya àti ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí nítorí agbára wọn kò ká a mọ́. Ọmọ kúrò nínú ilé tí ó há sínú ilé tí ó mọ́, ó sì bá ìkòkò tí ó fúyẹ́. Kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ burú o. Wọ́n wọn yàrá, wọ́n wọn òpópó, wọ́n ṣírò owó gbà-máà-bínú fún onílé. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan nínú ìwé wọn tí wọ́n ti lè kọ àtẹ ẹnu ọ̀nà sí.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ààlà kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé òde òní kò mọ̀ mọ́. Láti 1954, Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Muṣin wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí baba rẹ̀ háyà yàrá ní Muṣin wọ ilé ìwé láìsan kọ́bọ̀, ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ sì wà fún un títí ọdún 18. Ọmọ ẹlẹgbẹ́ baba rẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, nínú ilẹ̀ Èkó, dúró de 1957 kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá kò dúró de ìjọba. Ilé ìbátan wà ní apá méjèèjì ààlà.

Ìgbà tí a ti gba òmìnira ni ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tún gbóná. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Adéyínká Morgan ṣe olórí rẹ̀ dábàá ní 1964 pé kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù ní Èkó máa gba pọ́n-ùn 12 lóṣù. Ìjọba ní pọ́n-ùn 9, ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 8 ni agbára òun ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Okúdù, gbogbo òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, iye tí wọ́n sì fẹnu kò sí wà láàárín méjèèjì. Ohùn tí a gbọ́ ní ọdún náà ni ohùn 1945: ọkùnrin, aya rẹ̀, ọmọ rẹ̀, owó rẹ̀. Pẹlẹwúrà ti kú láti 1951. Àwọn tí ó jókòó ní ìsọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tún ta àwìn, bí wọ́n ti ṣe nígbà náà, wọ́n sì dúró de ìparí oṣù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Muṣin àti Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba kan. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní Muṣin ní 1955, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ti di ọmọ ọdún 18 nígbà náà, ó ń mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kiri ọ́fíìsì, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń fún un ní owó ọkọ̀.